Ẹyẹ Ẹ̀tàn Inú Ọ̀rá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ilé wa wà ní Douglasville, igbe àwọn kannakánná ni ó máa ń jí mi ní àárọ̀ Sátidé bí òtútù bá ti ń wọlé. Lẹ́yìn igbe wọn ni mo máa ń gbọ́ epo gbígbóná tí Màmá Àgbà ń da àkàrà sí. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní agbègbè Atlanta, ẹ óò rántí irú Sátidé bẹ́ẹ̀. A kò gbọdọ̀ tan tẹlifíṣọ̀n títí a ó fi gbálẹ̀, tí a ó fi da ilẹ̀ nù, tí a ó sì ka orí Bíbélì kan sókè ketekete. Ọmọ tó bá jí tí kò kí àgbà yóò kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fìríìjì, yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi há gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ara fìríìjì náà sórí.

Màmá Àgbà ni ìyá bàbá mi. Ó wá láti Ṣakí nítorí àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi, iṣẹ́ alẹ́ ni ó sì ń ṣe. Ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn mìíràn ni bàbá mi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wá ń gbé àbúrò mi lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ, iṣẹ́ tán lọ́wọ́ Màmá Àgbà. Ẹ̀rọ ń fọ aṣọ. Ẹ̀rọ ìfọbọ́ náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abọ́ tí a ti fi ọwọ́ fọ̀ ni màmá mi ń tò sínú rẹ̀ kó lè gbẹ. Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé bá já mi sílẹ̀, kò sí ẹni tí màmá yìí lè bá sọ̀rọ̀ àfi màmá mi tó ń sùn.

Oko Ọ́ńkù Ámósì ni ó gbà á lọ́wọ́ àìríṣẹ́ṣe. Aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni bàbá náà, àgbàlagbà ni, ó sì ń gbé níbi tí ọ̀nà wa parí sí. Igi pékáànì ńláńlá mélòó kan wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Àṣà àwọn ará ibẹ̀ ni pé bí o bá ṣa èso lábẹ́ igi ẹlòmíràn, ìdajì jẹ́ tìrẹ, ìdajì jẹ́ ti ẹni tó ni igi. Ọ́ńkù Ámósì kò lè bẹ̀rẹ̀ ṣa èso mọ́, nítorí ẹ̀yìn ń dùn ún. Màmá Àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó gbọ́ "ìdajì". Ó ń pe èso náà ní àsálà Amẹ́ríkà. Ojoojúmọ́ ni ó ń wé gèlè mọ́ orí, tí ó ń gbé garawa, tí ó ń lọ. Bí mo bá dé láti ilé ìwé, èmi náà á lọ bá a. Òórùn ewé tó ti rẹ̀ sílẹ̀, ìka tó di dúdú nítorí èèpo, àti gaàrí tútù tí a fi pékáànì jẹ ní ìrọ̀lẹ́: n kò tíì rí ohun tó dára ju ìyẹn lọ, mo sì ti fara balẹ̀ wá a.

Ní ọdún kejì tó wà lọ́dọ̀ wa, èso kò pọ̀, kannakánná sì pọ̀. Wọn kì í dúró kí èso jábọ́. Wọ́n ń já a lórí igi, wọ́n ń gbé e fò lọ. Màmá Àgbà ń lu abọ́ irin kiri abẹ́ igi. Ní àkọ́kọ́ wọ́n ń sá, nígbà tó yá wọ́n kàn ń wò ó.

Màmá Àgbà fọhùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí garawa rẹ̀ kò kún dé àárín. "Bí wọ́n bá kó èyí tó kù, ẹ bá mi wá ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sílé. N kò lè máa jókòó sínú ilé bí àpótí."

"Màmá, ẹ ṣáà sinmi," ni bàbá mi wí.

"Kí ni mo ṣe tí n óò fi sinmi?"

Èmi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí tábìlì. Mo rántí ohun tí ilé wa jọ kí ó tó dé: kọ́kọ́rọ́ ní ọrùn mi, oúnjẹ inú ike, ilẹ̀kùn yàrá màmá mi tí a kò gbọdọ̀ kàn. N kò fẹ́ kí ó lọ. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn.

Bàbá mi, tí ọdẹ bí lọ́mọ, ní a nílò ẹyẹ ẹ̀tàn, ère tí yóò máa mì kí kannakánná lè rò pé ẹlẹ́mìí ni. Ọ́ńkù Ámósì ní ìbọn àti ìwé àṣẹ ọdẹ, àsìkò tí òfin gbà wọ́n láyè láti pa kannakánná sì ti dé. Ní Sátidé, bàbá mi fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ọdẹ kan ní ọ̀nà Buford. Nínú àwọn ẹyẹ ẹ̀tàn tí wọ́n tò síbẹ̀, àwọn kan dúró gbọin, kò sí ohun tó ń mì lára wọn. Àwọn kan, atẹ́gùn ni yóò mú apá wọn jù. Àwọn kan ń lo bátìrì, apá wọn sì ń yí bíríbírí bí fáànù. Òwìwí kan sì wà tó jẹ́ pé bí o bá fa okùn ni yóò ju apá. Bàbá mi ní kannakánná kórìíra òwìwí. Bí ó bá rí i ní ojú ọ̀sán, yóò pe gbogbo ẹbí wá bá a jà. N kò mọ̀ bóyá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, tàbí ó kà á lórí fóònù nínú ọkọ̀. Bákan náà ni ó ń sọ méjèèjì.

"Dádì, èwo ló jọ ẹyẹ jù?"

"Èyí tó ń mì jù."

"Ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í mì báyẹn."

"Ṣé ìwọ ni kannakánná ni?"

Ó ra òwìwí olókùn, ó sì ra kannakánná oníbátìrì méjì kún un.

Nígbà tí a dé ilé, Màmá Àgbà gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ohun tuntun báyìí, ẹ fẹ́ kí ìrì bà á jẹ́?" Ẹ mọ ilé wa. Inú ọ̀rá ni rímóòtù wà. Ìjókòó àga ìjẹun wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á, ó máa ń lẹ̀ mọ́ itan wa ní ìgbà ooru. Màmá Àgbà wá ọ̀rá tó mọ́ gaara, ó wé e mọ́ àwọn ẹyẹ náà lára, ó dè é dáadáa, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún apá. Bàbá mi bá a di ọ̀rá náà mú. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, a lọ gbé wọn kalẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Òwìwí wà lórí òpó, àwọn méjì wà ní ìsàlẹ̀ tí apá wọn ń yí láì dúró. A lúgọ sínú abà igi Ọ́ńkù Ámósì. Ó fun fèrè tó ń ké bíi kannakánná, igbe kan sì dá a lóhùn láti inú igbó. Wọ́n yọ. Bí oòrùn ti tan sára ọ̀rá, àwọn ẹyẹ ẹ̀tàn wa kọ mànà bíi dígí ọkọ̀. Àwọn kannakánná yí po lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n sì bà sórí igi ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń pariwo lé wa lórí.

Màmá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àkàrà gbígbóná dé ni. Ọ́ńkù Ámósì wo ọ̀rá, ó wo màmá, ó fi àkàrà sí ẹnu. "Ẹyẹ yìí gbọ́n o," ni gbogbo ohun tó sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá mi mi orí. Mo rí i pé àwọn méjèèjì ti mọ̀, mo sì rí i pé kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún Màmá Àgbà níbẹ̀.

Ní ilé, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. "Màmá, ó jọ pé ooru ń mú àwọn ẹyẹ yẹn."

"Ṣé wọ́n ń làágùn ni?"

"Ẹ̀n... ohun tí mò ń sọ ni pé, atẹ́gùn náà..."

"Bàbá Tólú, sọ ohun tí o fẹ́ sọ. Má yí mi po bí olè tó ń wo ilé."

Ó sọ ọ́. Ó ní ọ̀rá tó ń kọ mànà ló lé wọn. Èmi ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀ òfuurufú ní etí ara mi. Màmá Àgbà fa ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà súnmọ́ ara, ó tú ọ̀rá kúrò, ó ká a, ó fi í pamọ́, nítorí ọ̀rá náà ṣì dára. Ó tan bátìrì, ó jókòó, ó ń wo apá tó ń yí. "Èyí náà kò dára," ni ó wí. "Kò sí ohun ẹlẹ́mìí tó ń gbọ̀n báyìí àfi ẹni tí ibà mú. Ẹyẹ ń mì, ẹyẹ ń sinmi. Ẹ yọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Okùn òwìwí yẹn dà?"

Ní Sátidé kejì, òun fúnra rẹ̀ ni ó wọ abà, pẹ̀lú kóòtù bàbá mi lórí ìró, tí ó wé okùn mọ́ ọwọ́. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀. Ọ́ńkù Ámósì fun fèrè. Ẹyọ kan wá, ó bà sórí igi, ó ń wò. Màmá Àgbà fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ara ń yún mi kí ó tún fà á. Ó fi èékánná já mi, kò wẹ̀yìn. Nígbà tí ẹyẹ náà yí orí sí apá ibòmíràn, ó tún fà á díẹ̀. Ẹyẹ náà ké, igbó sì tú jáde. Wọ́n bo òwìwí wa bí ẹni tó ti ń bínú sí i láti ọdún pípẹ́. Ìbọn dún, ó tún dún. Àwọn díẹ̀ jábọ́, àwọn tó kù sì fò kọjá igbó.

Màmá Àgbà gbé ọ̀kan nílẹ̀. Dúdú rẹ̀ ní aró nínú. "Ebi ló gbé e wá," ni ó wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Àwọn kannakánná kò padà wá púpọ̀ ní ọdún yẹn. Bàbá mi ní ọ̀rá tí a tú ni. Ọ́ńkù Ámósì ní bátìrì tí a yọ ni. Màmá Àgbà ní àdúrà ni. N kò lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́, nítorí ọjọ́ kan náà ni a yí gbogbo rẹ̀ padà. Ohun tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé ó ṣa èso rẹ̀ tán, ó pín in sí ìdajì, ó sì jókòó ní ilé ìdáná tí ó ń pa á títí Kérésìmesì fi kọjá. Kò mẹ́nu ba ọkọ̀ òfuurufú mọ́, títí ìwé ìgbélùú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, tí igi ti ń rúwé.

Lónìí, ilé ìkẹ́rùsí ńlá ni ó dúró síbi tí àwọn igi náà wà. Ọ́ńkù Ámósì ti kú. Ojú fóònù ni a ti ń rí Màmá Àgbà, ó sì máa ń gbé e súnmọ́ iwájú orí ju bó ti yẹ lọ. Nígbà náà, bí ilé bá dákẹ́, a óò wá iṣẹ́. Nísinsìnyí, bí ilé bá dákẹ́, a óò ra nǹkan. Màmá mi fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀, àwa ọmọ sì ra tẹlifíṣọ̀n gbàràmù-gbaramu fún un, a ra àga tó ń na ẹ̀yìn. Síbẹ̀ ó ń pè mí ní ọ́fíìsì ní ọ̀sán láti béèrè bóyá mo ti jẹun, lẹ́yìn náà ó máa ń dákẹ́ lórí fóònù, kò ní gbé e sílẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ra àpò ẹ̀wà kan lọ fún un, irú èyí tí wọn kò tíì ṣà, tó kún fún òkúta. Ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ọmọ yìí, ṣé kò sí èyí tó mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ni?"

"Kò sí, Mọ́mì."

Ó pòṣé. Ó ti fa àtẹ súnmọ́ ara kí n tó bọ́ bàtà.