Ta Ni Yóò Kẹ́ Àkọ́bí?

Inú mi dùn ṣìnkìn lọ́sàn-án ọjọ́ náà nínú bọ́ọ̀sì ní Harrow Manorway, ní London níbí. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu mi, débi pé òyìnbó tó jókòó tì mí sún mọ́ fèrèsé. Kíláàsì ìtọ́jú ọkàn ni mo ti ń bọ̀. Olùkọ́ wa ní àwọn onímọ̀ kan gbà pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń jẹ́ ìbínú tí èèyàn gbé mì, tó wá ń jẹ ẹ́ nínú. Ó ní àwọn ará Japáànì ní ọ̀rọ̀ kan, amae: kí èèyàn fara ti ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń fara ti ìyá. Ó ní àgbà pàápàá nílò rẹ̀, àti pé ẹni tí kò rí i mọ́ lè ṣàìsàn.

Díẹ̀ ló kù kí n pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyẹn!

Àkọ́bí ìyá wa ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n ti kọ́ ọ báyẹn láti kékeré. Wọn ò sọ ẹni tó máa di orí àgbà mú. Láti ìgbà tí màmá ti kú ní Ìbàdàn, kò lè lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ló máa ń wà nílé rẹ̀ ní Woolwich Dockyard, kò sì ní tọrọ omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "I'm fine, jàre," ló máa ń wí. Ẹ̀rù ń bà mí pé òun náà á bọ́ lọ́wọ́ wa.

Kí màmá tó kú, òun nìkan ló ṣẹ́ kù tó máa ń pe oríkì rẹ̀, lórí fóònù, láràárọ̀. Àbúrò kì í sì pe oríkì ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀sí ni. Síbẹ̀, bí mo ṣe bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo pe oríkì náà bíi ti màmá, mo fà á dé oríkì orílẹ̀ wa.

Ó fò dìde. "Ṣé orí ẹ pé? Èmi lo pè bẹ́ẹ̀? You have no respect!" Ó bú mi, ó bú London, ó bú màmá tí kò dúró de òun. Inú mi ń dùn. Ìbínú náà ti jáde!

"Ẹ má bínú, Auntie mi." Mo kúnlẹ̀.

Ó sunkún títí. Lẹ́yìn náà ó rọra ní, "Irun yìí ń yún mi. Bá mi tú u."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sílẹ̀, ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ èmi àbúrò rẹ̀.