Àwọn Tó Máàkì Àròkọ Desanka

Ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn ló forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà, ẹ̀kọ́ nípa títọ́jú arúgbó tó wà lórí ìdùbúlẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, Desanka nìkan ló kù. Kò yà mí lẹ́nu. Ó ti di ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Ohun tí ènìyàn rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kì í pẹ́ sú u.

Aṣọ ni Desanka ń rán ní ilé iṣẹ́ kan ní ìlú wa, ní gúúsù Serbia, títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Ilé àwọn arúgbó fẹ́ gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò gba ẹlòmíràn. Ó kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ náà tán, ó sì kọ àròkọ ìdánwò. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ńlá òkè òkun tó ṣètò ẹ̀kọ́ náà kò ní olùkọ́ tí yóò kà á! Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń máàkì akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ẹni mẹ́ta, méjì gbọ́dọ̀ gbà pé o yege. Afọ́jú ń júwe ọ̀nà fún afọ́jú, wọ́n ní ètò ẹ̀kọ́ ni.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kó àwa aládùúgbò rẹ̀ jọ sí ilé ìdáná rẹ̀: Màmá Stamenka, Ljubiša tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ wíwà, àti èmi. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, a ti forúkọ sílẹ̀, àwa náà ti di akẹ́kọ̀ọ́. Mo fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, nítorí pé kò kọ ìparí tó dára. Màmá Stamenka fi òdo sí i.

“Háà, Màmá! Kí ni mo ṣe?”

“O ní ká ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí afẹ́fẹ́ lè gba orí aláìsàn kọjá. Afẹ́fẹ́ yẹn ló pa ọkọ mi!”

“Ọtí rakija ló pa á, Màmá,” ni Ljubiša wí. “Gbogbo àdúgbò ló ka ìgò.”

“Pa ẹnu rẹ dé! Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ń wé ìborùn mọ́rùn nínú ooru oṣù kẹjọ nítorí afẹ́fẹ́ yẹn kan náà?”

Òdo ni Ljubiša náà fi sí i.

Mo ní, “Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló kọ. Ó tọ̀nà.”

“Tíṣà, ìwé lẹ mọ̀,” ni Màmá fèsì. “Ẹ lọ dúró sójú afẹ́fẹ́ náà títí di ọ̀la, ká wo ẹni tí yóò dìde.”

Ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà gbà kó tún un kọ. Desanka jókòó, ó pa ibi tó ti sọ ti fèrèsé rẹ́, ó kọ ọ́ pé kí a dí gbogbo ihò pa.

“Desanka, o mọ̀ pé irọ́ ni.”

“Mo mọ̀, Tíṣà. Ẹ fi òdo sí i. Ẹni méjì tó mi.”

Mo fi òdo sí i. Àwọn méjì yòókù fún un ní mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Ní Ọjọ́bọ̀ ó wá bá mi ní ilé ẹ̀kọ́ pé kí n bá òun tẹ ìwé ẹ̀rí náà jáde. Wọ́n kí i kú oríire nínú ìwé náà pé ó ti mọ ìtọ́jú aláìsàn dunjú. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sínú báàgì, ó sì sáré lọ kí ọ́fíìsì ilé àwọn arúgbó tó tì.