Ọ̀pá Irin tó Wà níbi Àlùwàlá

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin ọdún 2024, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ku ogún ìṣẹ́jú, ìpè kan wọlé sórí fóònù Fàdílà Láwàlì. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù náà. Kò tíì lè pa á rẹ́.

Bàlíkíìsì ló pè, ayálégbé Alájì Gàníyù ní àdúgbò Dapoya, tó ń ta bísáàpù tútù, omi ìṣápá dídùn.

"Tàǹtí, fìríìsà mi ń ta mí lọ́wọ́. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta. Àmọ́ ìwé yín wà lára rẹ̀, ló jẹ́ kí n má kà á sí."

Fàdílà mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa yẹ ohun èlò oníná wò fún àwọn onílé àti oníṣòwò. Èyí tó bá yege, á lẹ ìwé aláwọ̀ ewé mọ́ ọn, á sì fọwọ́ sí i. Ní oṣù kìíní, òun ló yẹ fìríìsà yẹn wò. Òun náà ló yẹ ọ̀pá irin tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ ní àgbàlá wò, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, kó má baà gba ara ènìyàn kọjá. Ó yege dáadáa.

"Má fọwọ́ kàn án mọ́. Wọ bàtà, kó o pa iná látibi mítà. Ṣé o gbọ́?"

Ìpè já. Ó pè padà lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó gbé e. Láti Zone du Bois, àdúgbò tó ń gbé, ló ti gun alùpùpù, kò sì rí nǹkan mìíràn lójú ọ̀nà ju ọwọ́ Bàlíkíìsì tí kì í gbẹ, àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kì í wọ bàtà.

Ó bá a láàyè, níwájú mítà, fóònù rẹ̀ ti kú. Alájì jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Dókítà iná, o káàbọ̀. Obìnrin yìí, bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́, á ní iná ni."

Fàdílà kúnlẹ̀ kí i, kò rẹ́rìn-ín. Ó tú ara fìríìsà: wáyà kan ti bó nínú rẹ̀. Ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo. Ọ̀pá ló yẹ kó gba iná náà lọ sínú ilẹ̀. Ó lọ sídìí ọ̀pá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti sán bí gìgísẹ̀ àgbàlagbà. Ní oṣù kìíní, ẹrẹ̀ ni.

"Bàbá, níbo lẹ ti ń ṣe àlùwàlá báyìí?"

"Wo ẹ̀yìn rẹ. Mo ti lẹ táìlì síbẹ̀, omi ń gba páìpù lọ síta. Ẹrẹ̀ ti tán nílé mi, barka, mo dúpẹ́."

Ìgbà yẹn ló rántí. Ní oṣù kìíní, ó ti dúró kí àwọn àgbà kí ìrun Alásàárì tán, bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ṣe ń ṣe, kó tó lọ sídìí ọ̀pá tí omi àlùwàlá búùtà mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí. Omi ló wọ̀n, kì í ṣe ilẹ̀.

Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé e. Òǹkà náà ga débi pé ó tún un wọ̀n: ilẹ̀ gbígbẹ náà kò gba iná. Ó bu omi korobá kan dà sídìí ọ̀pá. Òǹkà wálẹ̀ lójú gbogbo wọn. Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Alájì.

Fàdílà fi èékánná họ ìwé aláwọ̀ ewé náà kúrò lára fìríìsà. Ó ya, ibi tó fọwọ́ sí kò ṣí. Orúkọ ilé mẹ́tàlélógójì tó ti lẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ló wà nínú àpò rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ní Dapoya, níbi tí kì í ti í ṣíwájú àwọn àgbà wọnú àgbàlá.

Bàlíkíìsì, tó wà nílé lọ́jọ́ tó wọ̀n ọ́n ní oṣù kìíní, ń fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Tàǹtí," ó ní, "ilé mélòó lẹ wọ̀n lẹ́yìn ìrun?"