Omi Tí Ọmọ Mi Kò Rí Agbára Dà Nù

Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí ọmọ mi obìnrin ti ń fi asẹ́ ku yẹ̀pẹ̀ fún àwọn tó ń fi eyín òkú wádìí bí ará ìgbà ìwáṣẹ̀ ṣe di irú wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í nà mọ́ tó bá délé.

Lánàá, ó rí eyín kan tí ìdọ̀tí ti gan mọ́ lára. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìmọ́tótó láti kékeré, ló bá fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín náà títí ó fi ń dán.

Ọ̀gá rẹ̀ wò ó, ó mí kanlẹ̀. "Ìyá Ìbejì, inú ìdọ̀tí yẹn la ti ń mọ ohun tí àwọn ará àtijọ́ jẹ, àti bóyá wọ́n ti mọ iná lò. O ti fọ ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu òkú. Bí mi ò bá rí ìdọ̀tí náà gbà padà, wàá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ ilé ni o. Omi tí o fi fọ̀ ọ́ dà?"

"Ó wà nínú abọ́ lábẹ́ tábìlì, ọ̀gá. Ó ti rẹ̀ mí jù láti gbé e lọ dà nù."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú abọ́ náà. Omi ti tòrò, ìdọ̀tí sì wà nísàlẹ̀.

"Ìmẹ́lẹ́ gbà ọ́ lónìí."

"Àárẹ̀ ni, ọ̀gá, kì í ṣe ìmẹ́lẹ́."

Ló bá padà sídìí asẹ́ rẹ̀.