Lẹ́tà Mẹ́ta Láti Ilé Ọmọ Òkè-Ìlá

Ọdún tí mo ń retí ìwé ìfẹ̀yìntì mi lọ́rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí àrùn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sílẹ̀, tí ìbòmú ṣì wà nínú báàgì gbogbo wa ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò lò ó mọ́. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe olùkọ́ ní Adó-Èkìtì. Mo ti bá ẹgbẹ́ olùkọ́ yan iṣẹ́ lódì títí mi ò fi lè ka iye ìgbà mọ́, mo sì rò pé ìjà ti tán lọ́wọ́ mi. Ibi tí màá ti máa sin adìẹ lẹ́yìn ilé ni mo ń wò kiri.

Nígbà tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ bá ní kí n sọ ìrírí mi, ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì lẹ máa ń fẹ́ gbọ́. Kò sí ìyanṣẹ́lódì nínú èyí. Obìnrin mọ́kànlá tó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìjọba ni.

Kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì kékeré ni mò ń kọ́. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí mo máa pè ní Àánú. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ilé ọmọ aláìlóbìí tí ìjọ wa dá sílẹ̀ ní Òkè-Ìlá ló ń gbé. Ìjọ wa ni mo wí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti so èmi àti ọkọ mi pọ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti ń kọrin nínú kúáyà láti ìgbà ọmọge mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a wọlé láti ìsinmi, mò ń ka ọ̀rọ̀ fún kíláàsì kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀, mo wá rí i pé ọwọ́ òsì ni Àánú fi ń kọ̀wé. Mo mọ̀ dájú pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń lò tẹ́lẹ̀.

“Kí ló ṣe ọwọ́ ọ̀tún rẹ?”

“Mo ṣubú ni, mà.”

“Níbo?”

Ó fa apá aṣọ rẹ̀ bo ọwọ́ náà. Nígbà tí wọ́n lu aago ìsinmi, mo mú un lọ sẹ́yìn yàrá àwọn olùkọ́, mo ní kó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ojú ọgbẹ́ wáyà ni mo rí láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ìka méjì kò lè ká mọ́. Ó ní alábòójútó ilé ọmọ náà, ọkùnrin kan tí gbogbo ìjọ ń pè ní Búrọ̀dá, ló fi wáyà iná na òun, nítorí pé òun gbé oúnjẹ fún ọmọ kékeré kan tí Búrọ̀dá tì mọ́ inú sítọ́ọ̀.

“Ṣé o sọ fún ẹnikẹ́ni?”

“A sọ, mà. Ó ti pẹ́ tí Búrọ̀dá ti ń nà wá. Ìyá Ìjàn kọ lẹ́tà sí àwọn bàbá tó ń bójú tó ilé wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta.”

Ìyá Ìjàn ni obìnrin tó ń se oúnjẹ fún wọn, ọmọ Ìjàn-Èkìtì. Mo bi Àánú pé kí ni àwọn bàbá náà wá ṣe. Ọmọ náà wò mí bí ẹni pé mò ń fi òun ṣeré.

“Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, mà. Ẹ wà nínú kúáyà lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n kúnlẹ̀.”

Mo rántí. Nínú ìsinmi yẹn, lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa. Pásítọ̀ ní ọmọ náà parọ́ mọ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run, pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì. Gbogbo ìjọ ní àmín. Èmi náà ní àmín, ohùn mi sì máa ń lọ sókè. Mo tilẹ̀ rántí pé mi ò wo ojú ọmọ náà, ìwé orin tó kàn ni mò ń ṣí.

Láti ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti gba ọ̀dọ̀ alága ìgbìmọ̀ ilé ọmọ náà lọ. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é, nítorí pé ó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé rí. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ẹ̀sùn, òun ló sì wà níwájú nígbà tí àwa olùkọ́ ń yan kiri Adó nígbà èwe wa. Ó fún mi ní àga, ó ní kí wọ́n gbé omi wá.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ rí lẹ́tà tí Ìyá Ìjàn kọ?”

“Mo rí i.”

“Mélòó lẹ rí, sà?”

“Mẹ́ta. Wọ́n wà nínú fáìlì.” Ó sọ ọ́ bí ẹni pé fífi í sí fáìlì ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

“Kí lẹ wá ṣe sí i?”

“A pe Búrọ̀dá, ó ní irọ́ ni. A gbàdúrà. A ní kí ọmọ náà tọrọ àforíjì kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ó sì ti tán.”

“Ṣé ẹ wo ọwọ́ ọmọ náà?”

Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kalẹ̀. “Tí àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ láti òkè òkun bá gbọ́ irú èyí, wọ́n á kẹ́yìn sí wa. Ṣé ìwọ lo máa wá bọ́ àwọn ọmọ yẹn?”

“Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fáìlì sin ọ̀rọ̀ mi.”

“Ìjọba la bá jà nígbà yẹn,” ló wí. “Ìjọ nìyí.”

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n bi mí bóyá èmi ni ìyá ọmọ náà. Mo ní rárá, ọmọ náà kò ní ìyá, ìdí nìyẹn tó fi wà ní ilé ọmọ aláìlóbìí. Wọ́n ní kí òbí rẹ̀ wá. Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé. Wọ́n ní ilé ìjọ kò sí lábẹ́ àwọn. Mo fi ìwé òfin hàn wọ́n, nítorí pé òfin tó ń dáàbò bo ọmọ ti wà ní ìpínlẹ̀ wa tipẹ́. Akọ̀wé kan kà á, ó mi orí, ó ní òótọ́ ni, kí n wá lọ gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ìjọ pé wọ́n fọwọ́ sí i kí àwọn wá wo ilé wọn. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ojú kò tì í.

Mo gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ olùkọ́. Àwọn ọkùnrin tí a jọ da ọ̀nà rú rí nítorí owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ọ̀kan ní ẹgbẹ́ wa kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Mo ní ọgbẹ́ wáyà kì í ṣe ẹ̀sìn. Ó ní kí n má bínú, àna òun wà nínú ìgbìmọ̀ náà.

Àwọn tó wá dúró tì mí ni olùkọ́ mẹ́fà, nọ́ọ̀sì méjì, lọ́yà kan tí mo ti kọ́ rí, àti Ìyá Ìjàn fúnra rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ kejì tí mo lọ bá Ọ̀gá ni wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mo ṣe ìkọkànlá. A kò jẹ́ kí Àánú padà sí Òkè-Ìlá mọ́, ilé ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì náà ló wà. Ìgbìmọ̀ ilé ọmọ náà ní a jí ọmọ gbé. Lọ́yà wa ní kí wọ́n lọ fi ẹjọ́ sùn ní kóòtù, kí adájọ́ lè bi wọ́n pé kí ló lé ọmọ kúrò nílé. Wọn ò lọ.

Láràárọ̀ ni a ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ ọmọdé yẹn. Àwa tó jẹ́ olùkọ́ pín ara wa sí méjì kí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ má bàa dúró. A kọ ọ̀rọ̀ kan sára páálí: TA LÓ KA LẸ́TÀ MẸ́TA? Òjò pa wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé kí wọ́n má bàa kí wa.

Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀sì ìjọ dé. Kúáyà mi ló sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Ṣèyí, tí a jọ ń gbé ohùn kejì láti ọdún pípẹ́, wá dúró níwájú mi.

“Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ti ilé Ọlọ́run pa ni?”

“Ilé ọmọ ni mo ní kí wọ́n lọ wò.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lé wa lórí. Inú ń bí mi gidigidi, ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti ń gbé ohùn kejì pẹ̀lú wọn. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín nínú wọn, orin sì dàrú. Nígbà tí ariwo rọ̀, Ìyá Ṣèyí fẹnu mọ́ mi létí, ó ní, “Ṣé ọwọ́ ọ̀tún ni?” Mo ní ọwọ́ ọ̀tún ni. Ó padà sínú bọ́ọ̀sì. Kò tún bá wọn wá mọ́, kò sì wá jókòó tì wá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì náà gbà láti lọ sí Òkè-Ìlá, bóyá nítorí pé rédíò ti ń dárúkọ wa. Wọ́n rí sítọ́ọ̀ náà, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ìdábùú níta. Wọ́n béèrè ìwé àṣẹ, kò sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ilé náà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó gba ìwé àṣẹ, kò sì sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀.

Ọjọ́ tí Ọ̀gá wá sọ tẹnu rẹ̀, gbọ̀ngàn kún. Lọ́yà wa fún un ní lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ gba ìwọ̀nyí, sà?”

“Èmi ni.”

“Ta ló kọ wọ́n?”

“Obìnrin tó ń se oúnjẹ.”

Ìyá Ìjàn dìde láti ẹ̀yìn, ẹnu Èkìtì ló sì fi sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò lọ sí ulé ìwé rí. Ó ní òun ló sọ ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà, ṣùgbọ́n Àánú ló ń bá òun kọ ọ́. Lọ́yà wá ní kí Ọ̀gá to àwọn lẹ́tà náà sórí tábìlì, kó wo bí wọ́n ṣe kọ wọ́n.

Méjì àkọ́kọ́ gún régé, ìkọ̀wé ọmọ ilé ìwé tó mọ̀wé. Ẹ̀kẹta wọ́ kiri ojú ìwé, àwọn ọ̀rọ̀ kan tóbi, àwọn kan ti dojú dé.

“Ẹ̀yin jẹ́ olùkọ́, sà,” ni lọ́yà wí. “Kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó kọ lẹ́tà yìí, láàárín ẹ̀kejì sí ẹ̀kẹta?”

Ọ̀gá wo ìwé náà pẹ́. Ó ní, “Mi ò fara balẹ̀ wò ó.”

Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣàtúnṣe ìwé ọmọ ni. Àánú jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sunkún. Èmi ni mo sunkún, ìbínú ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí a rí gbà. Ẹjọ́ Búrọ̀dá dé kóòtù. Wọ́n sún un síwájú títí, adájọ́ kan lọ, òmíràn dé, lọ́yà rẹ̀ ń ṣàìsàn ní gbogbo ọjọ́ tí ara ẹlẹ́rìí bá le. Ní ìgbẹ̀yìn, ó ṣẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n kúkúrú. Wọ́n ti ilé náà pa, wọ́n pín àwọn ọmọ sí ibòmíràn. Àbúrò bàbá Àánú kan tí a wá rí ní Ìgèdè-Èkìtì gbà á sọ́dọ̀. Ó ti jáde ilé ìwé báyìí, ó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ìka méjì yẹn kò ká mọ́ títí di òní. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ nítorí àmín tí mo ṣe. Ó ní, “Ẹ̀yin nìkan lẹ wá, mà.”

Ìyá Ìjàn kò rí iṣẹ́ mọ́ ní Adó. Ó padà sí oko ní Ìjàn. Mo máa ń lọ kí i, kì í sì í dárúkọ ọ̀rọ̀ náà.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí parí iṣẹ́, wọ́n kọ àbọ̀ wọn. Lọ́yà wa gbọ́ pé ó wà nínú rẹ̀ pé kí wọ́n gbé àwọn tó gba lẹ́tà tí wọ́n sì dákẹ́ lọ sí kóòtù. Gbígbọ́ la gbọ́. Ìjọba kò tẹ àbọ̀ náà jáde. Ọ̀gá ṣì ń jókòó ní àga iwájú lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n sì ṣì ń dìde fún un. Èmi ti kúrò nínú kúáyà. Àga ẹ̀yìn ni mò ń jókòó sí. Ẹ ti bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi ìjọ náà sílẹ̀. Ìjọ mi ni. Àwọn tó dákẹ́ ló yẹ kó lọ.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń lọ bèèrè àbọ̀ yẹn ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ọ̀gá àgbà mẹ́ta ti jẹ níbẹ̀. Wọ́n ní fáìlì wà lórí tábìlì. Obìnrin akọ̀wé ibẹ̀ sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé, “Màmá, ẹ ò ní lọ sinmi?” Mo ní àwọn tó yẹ kó ṣiṣẹ́ ló ń sinmi.

Mo tún ń ṣe nǹkan kan. Mo máa ń lọ sí àwọn ilé ọmọ tó wà láàárín Adó sí Ìgèdè, ti ìjọ yòówù kó jẹ́. Mo máa ń kí wọn, màá sì bi ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: bí ọmọ kan níbí bá sọ pé àgbàlagbà kan ń ṣe òun léṣe, ta lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún? Ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ilé náà mọ́. Ìwé àṣẹ ìjọba wà lára ògiri nínú gíláàsì, mo sì yọ̀ nígbà tí mo rí i. Mo wá bi í ní ìbéèrè mi.

“A máa sọ fún pásítọ̀ wa, mà,” ló wí.

“Tó bá wá jẹ́ pé pásítọ̀ ni ọmọ náà dárúkọ ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

“A máa sọ fún ìyàwó wọn, mà.”