Lady Hatherley Kò Sí Nílé

Ẹ má dárúkọ àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù fún mi jàre! Bí ìyá ilé bá jókòó sí pálọ̀ tí kò fẹ́ rí àlejò, ọmọ ọ̀dọ̀ ni yóò lọ sẹ́nu ọ̀nà lọ wí pé, "Màdámù kò sí nílé." Gbogbo wọn mọ̀ pé irọ́ ni. Ìwà ọmọlúwàbí ni wọ́n ń pè é!

"Màdámù kò sí nílé" yìí náà ni Keziah Tuffnell, ọmọ ọ̀dọ̀ tó jẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ, sọ fún ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe rán an. Àṣé Lady Hatherley, ọ̀gá rẹ̀, ti yọjú lójú fèrèsé òkè, ó ń wo àkẹtẹ̀ tuntun tí àlejò dé. Ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù gbójú sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin.

Ni Lady Hatherley bá sáré sọ̀kalẹ̀, ó kọjú sí Keziah níwájú àlejò. "Òpùrọ́! Ta ló ní kó o sọ pé mi ò sí nílé? Kó ẹrù ẹ!"

Ọdún mẹ́sàn-án tó fi sìn ín já sí asán. Kò tilẹ̀ fún un ní ìwé ẹ̀rí ìwà, bẹ́ẹ̀ láìsí ìwé yẹn, kò sílé tó máa gbà á. Ilé mọ́kànlá ló ti wáṣẹ́, mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló lé e.  Keziah búra pé òun á gbẹ̀san.

Ó gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Loveday lọ, ẹni tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀. Ó ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa ọkùnrin náà.

"Màá ya màdámù yẹn, àmọ́ màá yí ojú ẹ̀ padà, kí wọ́n má bàa dá a mọ̀."

"Ẹ ò gbọdọ̀ yí i padà, sà! Imú gbọọrọ tó ní yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ yà."

Nígbà tí ìwé ìròyìn náà jáde, imú Lady Hatherley ló kọ́kọ́ yọ lójú fèrèsé nínú àwòrán náà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí tíì. Keziah lẹ àwòrán náà mọ́ ògiri, ó sì dùn mọ́ ọn dénú egungun.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Lady Hatherley fúnra ẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá tí Keziah háyà, ìwé ẹ̀rí ìwà lọ́wọ́.

"Gbà, Keziah. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ ọkùnrin yẹn, kó má yà mí mọ́."

Keziah kà á sókè: "Olóòótọ́ ni. Fún ọdún mẹ́sàn-án, n kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí." Ó ti ìwé náà bọ àpò.

"Ẹ ṣé, màdámù. Ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù ń wá ọmọ ọ̀dọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń mú un lọ. Wọ́n á kà á, wọ́n á sì mọ ẹni tó purọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́."

Lady Hatherley na ọwọ́ kó gba ìwé rẹ̀ padà. Keziah ti ilẹ̀kùn.