Ojú Màámi Lára Kàlẹ́ńdà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, obìnrin ará Ṣáínà kan kó wá sí ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkẹjà. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ tánganran, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Ayàwòrán ni. Ó máa ń fi ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò ya àwòrán sára aṣọ tí wọ́n kàn mọ́ férémù, ó sì tún máa ń fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ fín àwòrán sára pákó. Yóò fi íǹkì dúdú kun pákó náà, yóò tẹ́ bébà lé e lórí, yóò sì fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á títí àwòrán yóò fi hàn lára bébà. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tí ó ṣí bébà kúrò lára pákó, mo gbàgbé omi tí wọ́n rán mi.

Nígbà náà, “wọ́n” ni mo máa ń pè é, bí ọmọdé ti ń pe àgbà. Lónìí, “ó” ni mo ń pè é. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀.

Mo di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo ń lọ. Ó fún mi ní àjákù pákó kan, ó ń kọ́ mi bí a ṣe ń fín in: ibi tí o bá gbẹ́ kúrò yóò funfun, ibi tí o bá fi sílẹ̀ yóò dúdú. Yorùbá rẹ̀ kò ju “ẹ káàárọ̀” àti “ó dàbọ̀” lọ, nítorí náà èdè òyìnbó tí mo kọ́ nílé ìwé la fi ń sọ̀rọ̀.

Ilé búrẹ́dì kan ní Agége ni màámi ti ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó bí mi, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní Ìjẹ̀bú, iná ààrò jó wọn láti ẹ̀gbẹ́ orí dé ìsàlẹ̀ etí ọ̀tún. Irun kò hù níbẹ̀ mọ́, awọ ibẹ̀ sì ti súnkì. Gèlè kì í kúrò lórí wọn, àní nínú ilé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí a ń lọ, wọ́n máa ń fa fìlà funfun wọn bo etí. Ní gbogbo Èkó, èmi àti bàbá mi nìkan la mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, obìnrin náà ní òun fẹ́ fi ọ̀dà ya màámi. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Wọ́n jókòó fún un ní ọ̀sán Sátidé méjì. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó ní kí n bi wọ́n bóyá wọ́n lè tú gèlè. Màámi fi ọwọ́ di gèlè mú. Wọ́n ní, “Bi í, ta ni yóò rí i?”

Mo bi í. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. “Sọ fún ìyá rẹ pé kò sẹ́ni tí yóò rí i. Ọ̀dọ̀ mi ni àwòrán yìí yóò wà títí n ó fi kú.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Màámi tú gèlè. Nígbà tí a ń lọ sílé, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ sí àwọn lórí níṣojú ẹlòmíràn.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ilé iṣẹ́ abọ́ náà tẹ kàlẹ́ńdà, wọ́n pín in fún àwọn oníbàárà wọn. Màámi rán mi ní kẹrosíìnì, mo sì rí i lára ògiri ìsọ̀ tí mo dé. Ojú màámi ló wà lórí rẹ̀, dúdú lórí funfun, láìsí gèlè. Ó ti fín wọn sára pákó láìjẹ́ kí a mọ̀. Gbogbo ibi tí iná jó ló fín, kò fo ìlà kan. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́.

N kò lè sọ fún wọn. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fúnra wọn rí i níbi iṣẹ́, níbi tí ọ̀gá wọn gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn. Wọ́n délé, wọn kò jẹun. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n wo ojú àwọn. “Ṣé ohun tí ó sọ lọ́jọ́ náà lo sọ fún mi, àbí o fi tìrẹ kún un kí n lè gbà?”

Màámi ti nà mí rí, ṣùgbọ́n n kò sunkún rí bí mo ti sun ún lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ kejì a lọ bá a. Ó fi ọ̀yàyà gbà wá, ó ti ń bu tíì sínú ife. Màámi kò jókòó. Mo bi í ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé, ó nawọ́ sí àwòrán ọ̀dà tí ó fi aṣọ bò ní kọ̀rọ̀ yàrá.

“Èyí ni mo ṣèlérí lé lórí. Òun nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò rí i. Ti pákó yàtọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti fín, kò sí èyí tó dára tó o. Ìyá rẹ rẹwà níbẹ̀.”

Èmi náà ni mo tún ní láti túmọ̀ ìyẹn. Màámi gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, “Sọ fún un pé ojú kan ṣoṣo ni mo ní.” A sì jáde.

Lójú ọ̀nà, wọ́n di ọwọ́ mi mú. “Má bínú sí mi. Ìwọ kọ́.” Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé ìlérí yẹn láti ẹnu obìnrin náà wá sí etí wọn, n kò sì tíì rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀ sí títí di òní.

Odindi ọdún kan ni kàlẹ́ńdà náà fi wà lára ògiri káàkiri. Àwọn ọmọdé ń pe màámi ní Ìyá Kàlẹ́ńdà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá kúnlẹ̀, ojú àwọn kan á wà lára etí wọn. Wọ́n fi iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀, wọ́n ń ránṣọ nínú ilé. Èmi kò fín pákó mọ́. Obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀ padà sí ìlú wọn, kò wá dágbére. Nígbà tí màámi kú, orúkọ kàlẹ́ńdà yẹn náà ni àwọn kan fi ń bá wa kẹ́dùn.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Allen, ní Ìkẹjà, bá mi wá obìnrin náà lórí fóònù. Ó ṣì wà láyé. Ó ti darúgbó, ó ti di olókìkí, ó ṣì ń fín pákó, ó ṣì ń fi ọ̀dà yàwòrán. Ọmọ náà ń fi ìka ti àwọn àwòrán rẹ̀ lọ títí ó fi kan ọ̀kan tí wọ́n gbé kọ́ sínú gbọ̀ngàn ńlá kan, tí èrò dúró níwájú rẹ̀. Àwòrán ọ̀dà màámi ni. Èyí tí kò ní kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí yóò fi kú. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju “Obìnrin Oníbúrẹ́dì, Èkó” lọ.

“Màmá, ẹ mọ̀ wọ́n?”

Mo ní ìyá mi ni. Ó ní àwòrán náà dára. Ó dára lóòótọ́. Irọ́ ni n bá pa bí mo bá ní kò dára, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí.

Ó ní kí òun gbé e sórí ayélujára pẹ̀lú orúkọ wọn, kí gbogbo ènìyàn lè mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Mo ní rárá. Ó yà á lẹ́nu. N kò dá a lẹ́bi. Ayé tí ẹ̀yin ọmọ ìwòyí bá nìyẹn: bí ẹnì kan bá ń sunkún níbi àdúrà, fóònù ti wà níwájú rẹ̀; bí ẹnì kan bá ṣubú ní Maryland l’Ékòó, àwọn tó ń yà á ní fóònù á ju àwọn tó ń gbé e dìde lọ. Nígbà tiwa, ẹni tó fẹ́ gba ojú rẹ máa ń tọrọ rẹ̀ kó tó dà ọ́. Lónìí, wọn kì í tọrọ mọ́. N kò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì. Mo kàn mọ̀ pé bí màámi bá ṣì wà láyé, wọn ìbá fẹ́ kí ẹnì kan kọ́kọ́ bi àwọn.